Gmail ló jẹ owó mi, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

₦12,000 ni mo fi sọ́kàn. ₦24,000 ló jáde lápò mi, inú sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àròkọ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Iná kì í sí nílé ìwé wa, ni mo bá háyà kọ̀ǹpútà 12 ní kafé kan ní Agbowó, ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan, wákàtí méjì péré. Kí àwọn ọmọ kó èrò jọ lórí "Ọjà Bódìjà lọ́jọ́ òjò" nínú Google Docs, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ kọ, kí wọ́n sì yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Mo ní kí kálukú kọ́kọ́ ṣí Gmail. Ibẹ̀ ni mo ti ta ọjà mi lọ́pọ̀. Google ní ká mú nọ́ńbà fóònù wá kóun fi kóòdù ránṣẹ́, àwọn ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ gbé fóònù wá sílé ìwé. A lo tèmi. Ọmọ díẹ̀ wọlé, Google bá ní a ti lo nọ́ńbà yẹn jù. A lo ti ọ̀gá kafé, ibì kan náà ló já sí. Mo bá lọ bẹ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ọmọ yàhúù lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà mi tọ́?"

Àlàyé nìkan gba ogún ìṣẹ́jú. Kóòdù dé, màmá ti pa á rẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Wákàtí méjì ti lọ, ọmọ mẹ́jọ péré ló tíì wọlé, ni mo bá san ti wákàtí méjì mìíràn. Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì ló wá ní, "Àǹtí, ṣé líǹkì ò lè ṣe é ni?"

Ó ṣe é! Mo ṣí fáìlì Google Docs náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì, kò béèrè Gmail lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ojú tì mí.

Mo ní kí wọ́n pa ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa tẹ̀ láìwò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n má baà máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Bàtà tó há sínú ẹrẹ̀, tòmátì tó ń bá àgbàrá lọ. Orí mi wú.

Àmọ́ ẹni tí kò bá fi Gmail wọlé, orúkọ ẹranko ni Google ń fún un. Ẹranko kan kọ sábẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíì pé: "Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀." Ta ló kọ ọ́? Kẹ́kẹ́ pa. Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, kálukú á kọ orúkọ rẹ̀ síwájú àkíyèsí, á sì tọ́ka sí ìlà tó ń bá wí. Líǹkì náà, láti ilé ni n ó ti dán an wò.

Àwọn tó fi nọ́ńbà ìyá alákàrà ṣí Gmail ti gbàgbé páàsìwọ́ọ̀dù wọn. Ọ̀dọ̀ màmá ni kóòdù ń bọ́ sí. Ó ní kí n wá kó ẹrù mi.