Bí ẹ ṣe lè wá ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ ti kan ìtàn Nàìjíríà, láti inú agbo ilé yín

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Tí wọ́n bá bi wá pé kí ni Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe nínú ìtàn Nàìjíríà, Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, a ó fi Adékúnlé ajagun kún un, lẹ́yìn ìyẹn ẹnu á dákẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ìtàn yẹn pọ̀ nílé wa kọjá bẹ́ẹ̀, inú agbo ilé ló wà àti lọ́wọ́ àwọn tó rìnrìn-àjò, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wá a kiri, bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí kí ẹ̀yin náà lè ṣe tiyín.

Kí ẹ tó ṣí Google rárá, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé yín, tó bá jẹ́ obìnrin ó tún dáa jù, torí àwọn ìyá ló mọ ẹni tó lọ Jọ́ọ̀sì, ẹni tó lọ Gánà, ẹni tó fẹ́ ta, ẹni tí wọ́n bí nígbà tí ogun ń jà. Ẹ mú nǹkan dání, búrẹ́dì àti mílíìkì ti tó, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ sínú àpò. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi bírò kọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, oríkì ilé nìkan ni kí ẹ ní kí wọ́n kì fún yín. Ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ orúkọ ìlú tí ẹ ti ṣí wá, torí nígbà ogun Fúlàní tí ọ̀pọ̀ ìlú tú, Ògbómọ̀ṣọ́ ò tú, ọ̀dọ̀ wa lọ̀pọ̀ ìdílé sá wá, ó ṣeé ṣe kí ilé yín ti ìlú kan tí kò sí mọ́ wá.

Ohun tó ṣòro jù ni déètì. Ẹ má bi àgbà pé ọdún wo ni, wọn ò kà á bẹ́ẹ̀. Ìyá bàbá mi ò lè sọ ọdún tí wọ́n dé láti Tamale ní Gánà, mo bi wọ́n títí, "ó ti pẹ́" ṣáá ni wọ́n ń wí. Ọjọ́ kan ni mo yí ìbéèrè náà padà, mo ní "Ìyá, ṣé ẹ ti dé nígbà tí wọ́n pa Ṣọ̀ún, ọba wa?" Wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, wọ́n ní "Rárá o, Tamale la wà tá a gbọ́ pé wọ́n ti pa ọba nítorí owó-orí, ọdún yẹn náà ni wọ́n lé àwa náà, Kérésì ò tíì dé tá a fi wọlé."

Mo bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tí àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, òun ló gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún tó wà lórí oyè ní 1969. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn èèyàn tó ti wà níbẹ̀ látayé bàbá wọn, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù. Kérésì ò tíì dé lóòótọ́. Ogun abẹ́lé náà ò tíì parí, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi Ọbásanjọ́ rọ́pò Adékúnlé ọmọ wa nídìí ẹ̀ka ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 3 Marine Commando. Gbogbo ẹ̀ ló wọnú ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà.

Torí náà ohun tí ẹ máa béèrè ni pé ta ló wà lórí oyè, ṣé ẹ ti bí bùọ̀dá wa, ṣé pọ́n-ùn la ṣì ń ná àbí náírà ti dé (1973 ni), ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà nígbà yẹn (1972 la yí i sí ọwọ́ ọ̀tún). Tí wọ́n bá ní "ayé Ajagungbádé", ẹ tún béèrè sí i, torí ọba yẹn jẹ láti 1973 títí di 2021, ọdún méjìdínláàádọ́ta ò ṣeé fi sọ déètì.

Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí àpótí. Nínú àpótí páànù ìyá bàbá mi ni mo ti rí fótò kan, àwọn àti ọkọ wọn, abọ́ tánganran lórí ìjókòó láàárín wọn bí ọmọ, ẹ̀yìn fótò náà ni sítáǹpù ilé fótò wà pẹ̀lú orúkọ Tamale, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé, ẹ má tan fíláàṣì, tó bá sì lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù ẹ má fi agbára ṣí i.

Ìjà tó máa ń wà lórí WhatsApp ni pé ta gan-an lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi máa ń kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tó dàgbà sí, ibi tó ti ṣe ohun tá a fi mọ̀ ọ́n. Kàdúná ni wọ́n bí Benjamin Adékúnlé sí ní 1936, bàbá ẹ̀ ló jẹ́ ará ilé wa, Bachama ni ìyá ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n bí Ládòkè Akíntọ́lá sí ní 1910, àmọ́ Mìnnà ló ti ṣe kékeré torí òwò bàbá ẹ̀. Ẹ ó rí i pé òwò ló gbé wa káàkiri, ẹni tó bá wá ìtàn wa nínú ìlú nìkan máa pàdánù ìdajì ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ìlú bò yín lójú o. Wọ́n máa ń sọ pé Akíntọ́lá ló gba òmìnira. Enahoro ló kọ́kọ́ gbé àbá òmìnira wá ní 1953, Akíntọ́lá gbé tiẹ̀ wá ní 1957 pé kí òmìnira jẹ́ 1959, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i, àwọn òyìnbó ò gba ọdún náà. Iyì tó tó iyì nìyẹn, kò nílò àsọdùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàhálà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, ìbò 1965 àti Wẹ́tíẹ̀, ìyẹn rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn, títí dé ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966 tí àwọn sójà pa á n'Ìbàdàn: ẹ bi ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀, ẹ bi ẹni tó bínú sí i, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìwé, National Archives wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ béèrè fáìlì Oyo Prof, ìyẹn ìwé ìjọba òyìnbó ti ẹkùn Ọ̀yọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ayé òyìnbó wà.

Nínú ìlú fúnra ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ààfin, níbi tí wọ́n á ti sọ ti Ògúnlọlá ọdẹ fún yín, bó ṣe gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ọ̀tá tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, lọ bá Aláàfin. Ẹ béèrè ti àwọn Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú, mẹ́ta ló jẹ́ tiwa nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tóyèjẹ, Òjó Aburúmákùú ọmọ ẹ̀, àti Akíntọ́lá ní 1964. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn Baptist. Bowen, míṣọ́nnárì wọn, dé ọ̀dọ̀ wa ní 1855, ní 1858 wọ́n tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà, sẹ́mínárì bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ilé ìwòsàn ní 1907. Gbogbo òkúta ìpìlẹ̀ tí ẹ bá rí lára ilé àtijọ́, ẹ ya á.

Èyí tó kẹ́yìn: lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Fóònù mi àkọ́kọ́ bọ́ sómi, ohùn àgbà méjì bá a lọ, ọ̀kan nínú wọn ti kú báyìí, mi ò lè padà lọ bi í. Ohùn ìyá bàbá mi wà níbi mẹ́ta báyìí, lórí fóònù mi, lórí Google Drive, àti lọ́wọ́ àbúrò mi ní àdúgbò Under G, nínú ohùn náà ni wọ́n ti ń ka owó ọjà ní Haúsá bí wọ́n ṣe ń kà á ní Tamale.