Omi láìmù yín kọ́ ló bàjẹ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí àyẹ̀wò kábọ́nì dayọ́kísáìdì

Omi láìmù (limewater), ìyẹn omi tí ìyẹ̀fun láìmù (calcium hydroxide) yọ́ sí, la fi ń dá kábọ́nì dayọ́kísáìdì (CO₂) mọ̀: bí gáàsì náà bá gba inú rẹ̀ kọjá, á funfun. Bí kíláàsì bá ti kan ẹ̀kọ́ gáàsì báyìí, àwọn olùkọ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àyẹ̀wò àwọn kò ṣiṣẹ́. Owó ti lọ, àwọn ọmọ kò sì rí nǹkan kan. Ó ń dùn mí, torí owó ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀.

1. Ẹ má fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì po omi láìmù. Amọ̀ ni ẹfun, calcium sulphate sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Calcium hydroxide lẹ máa lò.

2. Ẹ má ṣí ìgò sílẹ̀! CO₂ inú afẹ́fẹ́ kò ju bí ìdá 0.04 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ra omi láìmù olówó ńlá, wọ́n gbé e sójú fèrèsé láìdé e. Nígbà tí mo débẹ̀, awọ funfun fẹ́lẹ́ ti bo ojú rẹ̀. Mo fi ọ̀pá gíláàsì kàn án, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó rì. Calcium carbonate nìyẹn, ohun funfun tí CO₂ ń sọ láìmù inú omi náà dà: afẹ́fẹ́ yàrá ti ṣe àyẹ̀wò náà tán kí àwọn ọmọ tó wọlé. Wọ́n tún fẹ́ lọ ra òmíràn! Kí lẹ ń rà á fún? Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ bu ìwọ̀nba calcium hydroxide sí i. Gíráàmù 2 kò lè yọ́ tán nínú lítà kan, nítorí náà ẹ má bù ú ní àbùjù. Ẹ mì í, ẹ dé e pa, ẹ jẹ́ kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọra da èyí tó mọ́ gaara sínú ìgò mìíràn, kó kún dé ọrùn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù ṣì wúlò. Ẹ tún bu omi lé e.

3. Ẹ fi afẹ́fẹ́ lásán ṣe ti ìfiwéra. CO₂ inú èémí tí a ń mí síta tó bí ìdá 4 nínú 100. Láìsí ìfiwéra, kí lẹ fẹ́ fi hàn?

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa fẹ́ èémí sínú omi láìmù lọ láìdáwọ́ dúró. Á funfun bí omi ògì, lẹ́yìn náà á tún mọ́, torí CO₂ tó pọ̀ jù ń sọ carbonate di bicarbonate tó ń yọ́. Kí wọ́n fẹ́ ẹ ni o, kí wọ́n má fà á sẹ́nu, kí wọ́n sì wọ awò ìdáàbòbò.

Iná àbẹ́là tó kú kì í ṣe ẹ̀rí pé CO₂ ni: nitrogen náà ń pa iná.

Láti rí CO₂ fún àyẹ̀wò, kán-ún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó, èèpo ẹyin àti fínígà náà tó. Gáàsì nìkan ni kí páìpù gbé kọjá. Bí ásíìdì bá ta sínú omi láìmù, funfun náà á pòórá. Bí ẹ bá lo ẹmu tuntun, ẹ má dé ìgò rẹ̀ pa láìsí páìpù lẹ́nu, torí ó lè bẹ́.