Bí mo ṣe tún iná kẹ̀kẹ́ tó ń fọ́ni lójú ṣe

Iná kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ 1000 lumen (ìwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí iná ń mú jáde) sí lára ń tàn yòò, síbẹ̀ kòtò kì í hàn àfi tí táyà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ níwájú sì ń fọwọ́ bojú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kéré. Ibi tó ń tàn sí ni kò dáa. Roboto ló ń tàn bíi tọ́ọ̀ṣì, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sára ewé igi.

Mo fi èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà StVZO, òfin ọkọ̀ ojú pópó ti Jámánì, rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ń gé ìmọ́lẹ̀ lókè bíi ti iná mọ́tò, ó sì ń da ìyókù sórí títì. Tí ẹ bá ń ra irú rẹ̀, lux, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú ibi tí iná kọjú sí, ni kí ẹ kà, kì í ṣe lumen. Fún ọ̀nà tí kò ní iná òpó, 60 lux sókè ni mo fara mọ́.

Títò rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, mítà 5 sí ògiri, kí ẹnì kan jókòó lé e, torí ìwúwo èèyàn ń yí ibi tí iná kọjú sí padà. Tí iná bá ga ní 80 cm, ẹ sàmì sí 40 cm lára ògiri. Àárín ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ síbẹ̀, yóò sì kan ilẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lè gbé e sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n etí òkè ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju iná fúnra rẹ̀ lọ.

Tí iná bá ń yẹ̀ nínú gálọ́pù, ẹ gé rọ́bà tíúbù àlòkù sábẹ́ ìdè rẹ̀ kí ẹ tó dè é.