Inú ilé tàbí inú pápá: ibi tó yẹ kí ẹṣin wà mọ́jú

Ẹṣin kì í sùn mọ́jú bí ènìyàn. Gbogbo oorun rẹ̀ nínú ọjọ́ kan kò ju nǹkan bí wákàtí 3 sí 5 lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń sùn ún, orí ìdúró ló sì ti ń sun èyí tó pọ̀ jù. Ní ìyókù òru, ó ń jẹko, ó ń ṣí ẹsẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tì í mọ́lé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ṣí i ní aago 7 àárọ̀, wákàtí 13 ni ẹ fi gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà ilé ẹṣin ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àwa dúró sí nìyí: ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, tó ní ẹgbẹ́, omi àti ibi ìsádi nínú pápá, ẹ jẹ́ kó wà níta. Ìdí gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó mú un wọlé, bí ìdí náà bá sì ti tán, kí ó padà síta.

Ìgbà tó yẹ kó wọlé

Ìdí tó lágbára jù ni kòkòrò. Níbi tí African horse sickness, àrùn tó máa ń pa ẹṣin, bá wà, kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Culicoides ló ń gbé e kiri, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú ló sì ń jẹ ẹṣin jù. Ẹ kó wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ má sì kó wọn jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lásán kò tó, nítorí kòkòrò yìí lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Èyí tí ojú rẹ̀ há gan-an ni kí ẹ ta sí fèrèsé.

Òjò pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tún jẹ́ ìdí, bí pápá kò bá ní ibi ìsádi. Òtútù gbígbẹ nìkan kì í sábà ṣe ẹṣin tó jẹun kánú ní nǹkan. Irun tó ti rin gbingbin dé awọ ló ń jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹṣin tí dókítà ẹran ní kó sinmi lórí ọgbẹ́ tàbí ẹsẹ̀ dídùn náà yóò wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí pápá rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, nítorí abẹ́ pátákò tó ń wà nínú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́ yóò máa jẹrà.

Nígbà ooru líle, ẹ yí i padà: inú ilé lọ́sàn-án, pápá lóru, àyàfi níbi tí àrùn tí a sọ lókè yẹn bá wà. Eṣinṣin á dín kù, ṣúgà inú koríko náà á sì dín kù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni koríko fi ń ṣe ṣúgà, òru ló ń ná an. Ẹṣin tí laminitis, àrùn tó ń mú inú pátákò wú, ti ṣe rí yóò jẹko láìséwu púpọ̀ láti òru di kùtùkùtù, kí ẹ sì mú un kúrò kí oòrùn tó ga. Bí yìnyín bá bo koríko mọ́jú, àǹfààní òwúrọ̀ yẹn kò sí mọ́: ṣúgà àná ṣì wà nínú koríko náà.

Pápá, kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹ rìn yí ọgbà ká. Kí ó ga tó mítà 1.25 ó kéré tán, kí ó má sì ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún rárá, nítorí ẹṣin tí jìnnìjìnnì bá kì í rí i lóru. Igun tó há ni àwọn ẹṣin yòókù ti ń lé èyí tó rọlẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ fi pákó gé igun náà. Ẹ bọ́ okùn orí kúrò lórí wọn, nítorí ó lè kọ́ ẹ̀ka igi. Ẹ fa ewéko olóró tu, kí ẹ sì gbé e jáde pátápátá: oleander tó ti gbẹ ṣì ń pa ẹṣin.

Ẹṣin kan nílò tó éékà 1 sí 1.5. Bí ilẹ̀ bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ kún un, kí òkìtì rẹ̀ fi ẹyọ kan ju iye ẹṣin lọ, kí wọ́n sì jìnnà síra, kí èyí tó ń jẹ gàba má baà lé òmíràn nídìí oúnjẹ. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí ọmọ aràn tó gun orí koríko.

Bí ó bá jẹ́ inú ilé

Yàrá mítà 3.6 sí 3.6 ló bá ẹṣin ńlá mu, 3 sí 3 fún èyí tó kéré. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó mítà 1.2, kí ó sì máa ṣí síta, kí ẹ lè rí i ṣí bí ẹṣin bá dùbúlẹ̀ tì í. Ẹ fi okùn orí kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ lè tètè mú un jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Òtútù ń mú ẹni tó ni ẹṣin, ó bá ti gbogbo fèrèsé. Ẹ ṣí wọn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kó ga ju ẹ̀yìn ẹṣin lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba òkè rẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀, ẹ lóṣòó títí imú yín yóò fi dé ibi tí imú rẹ̀ ń wà nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Bí òórùn ìtọ̀ bá ta yín nímú, gbogbo òru ló fi fa ìyẹn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kó ibi tó tutù kúrò lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oorun àsùnwọra ẹṣin kò ṣeé sùn lórí ìdúró, ó ní láti dùbúlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, kò ní dùbúlẹ̀. Bí ẹṣin bá yí dé ẹ̀gbẹ́ ògiri tí kò rí ara rẹ̀ gbé dìde, ẹ má gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti sún mọ́ ọn, kí ẹ sì pe ènìyàn kún ara yín.

Oúnjẹ ló wá gba ìṣirò jù. Ikùn ẹṣin ń sun omi kíkan láìdúró, yálà ó ń jẹun tàbí kò jẹun, itọ́ tó ń rọ omi náà lójú kì í sì í jáde àfi bó bá ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Bí ikùn bá wà lófìfo ju wákàtí 4 sí 6 lọ, ọgbẹ́ inú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin kílò 500 nílò kílò 7.5 sí 10 koríko lóòjọ́, láìka omi inú rẹ̀, ó sì yẹ kí tó kílò 6 jẹ́ ti òru. Ṣùgbọ́n ẹṣin lè jẹ kílò kan tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ bá da 6 sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ní aago 6, yóò ti tán kí aago 11 tó lù. Ẹ fún un ní 3 nígbà tí ẹ bá ń tì í, kí ẹ gbé 3 yòókù wá ní aago 10 nígbà tí ẹ bá yọjú sí i kẹ́yìn, méjèèjì nínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré, kí ó má baà tètè jẹ ẹ́ tán. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ojú máa ń tan ni jẹ. Koríko eléruku, ẹ rì í sómi fún ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ẹ fi àwọ̀n náà kọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò fi ní há sí i nígbà tó bá ṣófo.

Omi: lítà 25 sí 55 lóòjọ́. Garawa ńlá méjì sàn ju ọpọ́n tí omi ń dá kún inú rẹ̀ lọ, nítorí ẹ lè rí iye tó mu. Garawa tó ṣì kún láàárọ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ kéékèèké tó gbẹ, ń sọ fún yín pé ìfun fẹ́ dí.

Ẹ má yí i padà lọ́jọ́ kan

Ọ̀sẹ̀ tí ẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni inú rírun ń mú un jù: ó ń rìn díẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ gbẹ, omi tó ń mu kò tíì pọ̀ tó. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 14 yí i, wákàtí díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni tí ẹ bá ń mú un padà sórí koríko tútù: wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá wú díẹ̀ láàárọ̀, ẹ mú un rìn, yóò lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló wú, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ pè é kíákíá pẹ̀lú bí ẹṣin bá ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, tó ń yí gbiri tàbí tó ń làágùn láìṣiṣẹ́. Ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ láago: 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan ló bójú mu fún ẹṣin tó sinmi. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ má sì fún un lóògùn kankan títí dókítà yóò fi sọ.