Bí ilé ọ̀rá yín bá ń gbóná jù

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́ ẹ ní ilé ọ̀rá kékeré, ìyẹn ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò láti gbin nǹkan sínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé omi fífọ́n. Omi tó ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ, afẹ́fẹ́ ẹ̀bá ọ̀sà sì ti lọ́rinrin jù kí omi tètè gbẹ. Ewé tòmátì á kàn tutù rinrin títí á fi jẹrà. Ihò ni kẹ́ ẹ ṣí. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì gùn ní mítà 4, nílò ihò tó tó mítà onígun mẹ́rin 2.4 lápapọ̀, ìdajì rẹ̀ lókè òrùlé, torí òkè ni ooru ń gbà. Àwọ̀n ìbòòji, ìta ni kẹ́ ẹ ta á sí, kó ga ju ọ̀rá lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Tó bá wà nínú, ooru ti wọlé tán. Ní Kétu tó jìnnà sí òkun, lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ nìkan ni omi wíwọ́n sílẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́ dáadáa.