Ìrírí mi: Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ sókàwéè tó ń kún nígbà òjò nílé àwọn ayálégbé mi n'Ífẹ̀

Ẹ̀yin lanlọ́ọ̀dù ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé fún àwọn sítúdẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sókàwéè ilé mi, kòtò tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ rì sínú ilẹ̀ yẹn, fún yín, torí owó tí ọ̀pọ̀ wa ń ná lórí ẹ̀ lọ́dọọdún ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ìyà ẹ̀ ń jẹ àwọn tó ń gbénú ilé ju àwa tá a ni ilé lọ. Ilé mi wà lápá Ẹdẹ Róòdù níbí n'Ífẹ̀, sẹ́ẹ̀fùkọ̀n 8 ni, àwọn ọmọ OAU ló wà nínú 7, ìkan tó kù, bàbá kan àtìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú ìbejì wọn ló ń gbébẹ̀. Owó gírátúítì tí mo gbà nídìí iṣẹ́ tíṣà ni mo fi parí ilé yẹn, mi ò lè máa wò ó kó máa bàjẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, láti bí oṣù Júùnù lọ, tẹ́ ẹ bá fọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ̀ẹ̀tì omi ò ní lọ, á kàn dúró síbẹ̀ ni, tẹ́nì kan bá ń wẹ̀ ní yàrá kejì omi á máa dún gbulu-gbulu nínú páìpù ẹnìkejì, òórùn á wá gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìbejì ló pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wa, ìta gbangba ni mo ti ń wẹ̀ fáwọn ọmọ yìí báyìí." Ó dùn mí gan-an. Mo pe ọkọ̀ táńkà tó ń fa ìgbẹ́, wọ́n wá, wọ́n fà á, wọ́n gbowó wọn, òjò ńlá kan péré ló rọ̀, ó tún ti kún.

Gbogbo èèyàn ló ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Ẹni tó wa táńkà ní èrò ló pọ̀ jù nínú ilé. Ẹ́jẹ́ǹtì ní kí n lé àwọn tó ń gbé méjì-méjì nínú yàrá kan jáde. Ẹnì kan ní kí n da ìsáàlì sí i, òmíràn ní kẹrosíìnì. Ẹ má dán an wò o! Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí ló ń jẹ ìgbẹ́ nínú táńkì ìgbẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ kó tó máa yọ́, ìsáàlì àti kẹrosíìnì máa pa wọ́n ni, ìgbẹ́ á wá máa yára kórajọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi fara balẹ̀ rò ó pé èrò tó wà nínú ilé yìí lásìkò ọyẹ́ náà ló wà níbẹ̀ lásìkò òjò, omi tí wọ́n ń lò ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kí ló wá dé tó jẹ́ pé tí ọyẹ́ bá ti dé wàhálà yìí á dáwọ́ dúró? Ó ní láti jẹ́ pé omi kan ń wọbẹ̀ tí kì í ṣe ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ti ẹ́jẹ́ǹtì ni mo tẹ̀ lé, ọmọ ọlọ́mọ ni mi ò bá lé síta lásán, sókàwéè á sì tún kún náà ni.

Mo dúró kí àwọn ọmọ parí ìdánwò wọn kí ọ̀pọ̀ lọ sílé, ó sì bọ́ sí ìgbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Fún àwọn tí ò lọ, mo lọ bẹ lanlọ́ọ̀dù tó múlé tì mí, ó yọ̀ǹda tọ́ílẹ̀ẹ̀tì bọ́ìsìkótà ẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń ra ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ibẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí láìwá ibi táwọn èèyàn á máa lò o, ìwà ìkà ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà nìyí. Bí wọ́n ṣe fi dígà ṣí ọmọrí táńkì báyìí, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe lébìrà ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ pé òun fẹ́ lọ fọwọ́ wá ibi tó dí. Mo figbe ta. Mo ní, "Ọmọ mi, kúrò níbẹ̀, owó tí mo fẹ́ san fún ẹ ò tó ẹ̀mí ẹ." Gáàsì tó ń wà nínú táńkì ìgbẹ́ ń pa èèyàn, ojú ẹsẹ̀ sì ni nígbà míì. Èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn, tó bá ti pọ̀ jù imú ò ní gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á rò pé ó ti lọ ni, ibẹ̀ lá ṣubú sí, ẹni tó bá sì bẹ́ wọlé pé òun fẹ́ yọ ọ́, òun náà á bá a lọ. Òmíràn nínú gáàsì yẹn máa ń gbiná, torí náà kò sí sìgá, kò sí ìṣáná nítòsí. A ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀ dáadáa, ọparun gígùn la sì fi ń wọ̀n ọ́n látòkè, ẹnikẹ́ni ò wọ inú ẹ̀ títí tá a fi parí.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: láti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, omi á kọ́kọ́ gba inú ṣáńbà, kòtò kékeré olómọrí tá a fi ń yẹ páìpù wò, kọjá, á wá wọ táńkì, nínú táńkì yẹn èyí tó wúwo á sùn sísàlẹ̀, òróró àti ìfófòó á léfòó, omi tó wà láàárín ló máa gba páìpù lọ sí sókàwéè, ilẹ̀ á wá máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ibi tí omi dúró sí ló máa sọ ibi tí àìsàn wà fún yín. Tí ṣáńbà bá kún tí táńkì ò kún, páìpù tó wà láàárín wọn ló dí. Tí táńkì bá kún bò tí sókàwéè sì gbẹ, páìpù kejì ni. Tí àwọn méjèèjì bá kún, ilẹ̀ ni ò mu omi mọ́, tàbí omi míì ló ń wọ ibẹ̀. Tiwa nìyẹn: sókàwéè kún dẹ́nu, omi inú ẹ̀ tiẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan.

Púlọ́ńbà mi, ọlọ́pọlọ pípé ni, ó so òkúta mọ́ okùn, ó jù ú sínú kànga wa, ó wọn ibi tí omi wà sísàlẹ̀: bíi ẹsẹ̀ bàtà 9. Sókàwéè àtijọ́ yẹn jìn kọjá ẹsẹ̀ bàtà 12, torí bíríkìlà tó gbẹ́ ẹ nígbà yẹn ní bó bá ṣe jìn tó ló ṣe máa dáa tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè, ẹ máa rí i nínú kànga yín, tí sókàwéè bá ti jìn ju ibi tí omi yẹn dé lọ, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa wọlé sí i látìsàlẹ̀, á gba àyè tó yẹ kí ti ilé gbà. Ìyẹn ni pé nínú owó tí mo san fún táńkà, omi ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń bá mi fà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo rí páìpù òjò kan tó wá látorí òrùlé lẹ́yìnkùlé tó wọlẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó yọ sí. Mo ní kí wọ́n po búlúù tá a fi ń fọ aṣọ funfun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kí wọ́n dà á sínú gọ́tà òrùlé, gbogbo wa sì lọ dúró ti ṣáńbà tá a ti ṣí sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá, omi aró yọ! Ẹnì kan ló ti já páìpù òjò sínú ṣáńbà kí àgbàrá má bàa máa wa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 1, lítà omi 1 ló máa já sórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó òrùlé. Apá òrùlé tó ń dà sínú páìpù yẹn tó irú mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ lọ́nà 100, òjò tó bá wá rọ̀ tó mìlímítà 30, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, lítà 3,000 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èrò 20 ò lè lo irú omi yẹn lójúmọ́ nínú ilé tó jẹ́ pé kànga ni wọ́n ti ń pọn ọ́n.

Ọjọ́ yẹn náà la já páìpù òjò kúrò, a gbẹ́ gọ́tà tó ń gbé omi ẹ̀ gba ìsàlẹ̀ fẹ́ńsì lọ sójú àgbàrá. Nígbà tí wọ́n fa táńkì tán la tún rí i pé ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ̀ ò ní tíì, ìyẹn páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà T, páìpù gbalaja lásán ló wà níbẹ̀. Tíì yẹn ṣe pàtàkì o, ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ rì sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan kó lè jẹ́ omi àárín lá máa gbé lọ, láìsí i, ìfófòó àti ọ̀rá á bá omi lọ sínú sókàwéè, á lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀, ilẹ̀ ò ní lè mu omi mọ́. Tíì ínṣì 4 tí ò wọ́n rárá. Mo rà á ní Lágere pẹ̀lú àwọn páìpù tó kù.

Ibi tá a máa gbẹ́ tuntun sí ló gba ọgbọ́n jù. Àwọn oníṣẹ́ ìlera máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30, bẹ́ẹ̀ pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 fífẹ̀, 100 gígùn, tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, gbogbo gígùn ẹ̀ ò ju bíi mítà 30 náà lọ. Èèyàn lè jìnnà sí kànga tiẹ̀ kó wá fẹ̀yìn ti fẹ́ńsì tí kànga aládùúgbò wà lódì kejì. Mo mú tépù, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó múlé tì mí, wọ́n jẹ́ kí n wọn ti kànga wọn náà, igun ẹ̀yìnkùlé tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ la wá mú, ó jìnnà sí kànga gbogbo wa dé ibi tí ilẹ̀ gbà wá láyè, ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ló sì wà. Síbẹ̀ mo sọ fáwọn ayálégbé mi pé tí wọ́n bá fẹ́ mu omi kànga, kí wọ́n sè é ná.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, a gbẹ́ ihò kékeré láti dán ilẹ̀ wò. A pọn omi kún un, a jẹ́ kó fà, a tún pọn òmíràn, mo fi igi tí mo sàmì sí wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀. A ti kọ́kọ́ dán iwájú ilé wò, amọ̀ pupa ni, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ omi ṣì wà níbẹ̀ tí ò lọ. Ti ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ tó ní òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó fa omi dáadáa. A wá gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 jíjìn péré, 12 gígùn, 5 fífẹ̀, kó lè wà lókè omi ilẹ̀. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láìfi símẹ́ńtì sáàárín wọn, wọ́n kó òkúta sísàlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n o, torí bíríkìlà ti ń po símẹ́ńtì tó fẹ́ fi rẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó lè dán. "Màmá, á lẹ́wà báyìí." Mo ní rárá, ibi tí omi máa gbà lọ lẹ fẹ́ dí yẹn. Wọ́n da kọnkéré ọmọrí pẹ̀lú irin, wọ́n fi ihò tá a lè ṣí sílẹ̀. Ti àtijọ́ ńkọ́? A fà á gbẹ, a fi òkúta àti yanrìn dí i pátápátá, torí sókàwéè tí wọ́n pa tì, ọjọ́ tí ọmọrí ẹ̀ bá jẹrà, ọmọdé ló máa já sínú ẹ̀, ìbejì sì ń ṣeré lẹ́yìnkùlé yẹn.

Nígbà táwọn sítúdẹ́ǹtì padà dé mo pè wọ́n jọ. Pádì àti wáìpù tá a bá nínú ṣáńbà kúrò ní kékeré, ṣùgbọ́n mi ò bú ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọbìnrin yẹn ò ní ibi tí wọ́n lè dà á sí ni, mo ra ike ìdalẹ̀nù olómọrí sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Òróró ìdáná náà, kí wọ́n nù ún kí wọ́n tó fọ ìkòkò. Ẹ́jẹ́ǹtì tún dé, ó ní kí n pín owó iṣẹ́ yẹn lé wọn lórí, tàbí kí n fowó kún rẹ́ǹtì lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ti san ti ọdún yìí, ilé tí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sanwó fún, iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ sì jẹ́ ti onílé. Tí ìwé àdéhùn wọn bá pé, a ó jọ jókòó sọ ọ́.

Òjò oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, omi ń lọ geere. Ọparun tí mo sàmì sí ṣì wà lẹ́yìn ilé, òun ni mo fi ń wọn ìgbẹ́ tó sùn sísàlẹ̀ táńkì. Tó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn ẹ̀, ìgbà yẹn ni màá tó tún pe ọkọ̀ táńkà.