Bí Mo Ṣe Fi Okùn Wọn Ọjọ́ Orí Ayé

Okùn ọ̀rá tí a fi ń sá aṣọ ni mo rà. Mo ní kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Bí ayé sì ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.54 ọdún, mítà 45.4 ni mo gé. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ní Leicester níbí ni mo ṣe é fún. Òní ni òdo, ẹ̀yìn ni mo ń wọ̀n lọ. Àkísà aláwọ̀ ni mo so mọ́ ọn láti fi sàmì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí tépù kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Ní mítà 24 ni ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bakitéríà tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ ló ń tú u jáde. A wá ń rìn, a ń rìn, kò sí ẹranko kankan. Bí a ṣe máa ń kọ́ ọmọ ni pé ọ́síjìn dé, ẹranko náà dé, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni. Irọ́ ni! Ó lé ní mítà 18 láàárín wọn. Ọ́síjìn ìgbà yẹn kéré púpọ̀, ìsàlẹ̀ òkun ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Nǹkan bíi mítà 10.5 ni mo so àkísà pupa mọ́, fún ewé òkun pupa kan tí wọ́n rí nínú òkúta ní Kánádà.

Àkísà funfun bẹ̀rẹ̀ ní mítà 7.17, ó parí ní 6.35. Láàárín ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yìnyín bo ayé títí dé agbègbè tó gbóná jù. Èéfín kábọ́ọ̀nù láti inú òkè ayọnáyèéfín ló pọ̀, tó mú ayé gbóná títí tí yìnyín fi yọ́.

Ní mítà 5.6, Charnia, ohun ẹlẹ́mìí àtijọ́ kan tó rí bí imọ̀ ọ̀pẹ tí ń dúró nísàlẹ̀ òkun. Igbó Charnwood, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ni wọ́n ti rí àmì rẹ̀ nínú òkúta. Ọmọdébìnrin kan, Tina Negus, ti rí i ní 1956, olùkọ́ rẹ̀ ní kò ṣeé ṣe, òkúta yẹn ti pẹ́ jù fún ohun ẹlẹ́mìí láti wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Roger Mason, ọmọ ilé ìwé, tún rí i, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Charnia masoni. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí fún Tina.

Láti 5.39 síwájú, ẹranko oníkarawun àti ẹlẹ́sẹ̀ kún òkun. Dáínósọ̀ parí ní sẹ̀ǹtímítà 66. Àwa ènìyàn, mílímítà mẹ́ta péré.

Bí pápá yín ò bá gùn tó, ẹ lo mílímítà kan fún mílíọ̀nù ọdún kan. Yóò gba inú pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ibi tí ẹ máa so ènìyàn mọ́.